Ohun Tí Ọmọ Kò Lè Sọ Lójú Ìyá Rẹ̀

Lóṣù keje ọdún 2019, ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní ìlú Milwaukee, ìpínlẹ̀ Wisconsin, ké gbàjarè síta pé àwọn ọ̀dọ́ mẹ́jọ ti dé ọ̀dọ̀ wọn láàárín ìgbà díẹ̀, tí ẹ̀dọ̀fóró gbogbo wọn bàjẹ́ lọ́nà kan náà. Wọ́n yẹ̀ wọ́n wò títí, wọn ò rí kòkòrò àrùn tó lè ṣe irú rẹ̀. Ohun tó so àwọn ọmọ náà pọ̀ ni pé gbogbo wọn ń fa sìgá oníná, èyí tí àwọn fúnra wọn ń pè ní fépù. Kí oṣù kẹjọ tó parí, ìpínlẹ̀ Illinois tó múlé gbè wọ́n, níbi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ti kéde ẹni àkọ́kọ́ tí àìsàn náà pa. Nígbà tí CDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń gbógun ti àrùn, fi máa dáwọ́ kíkà dúró lóṣù kejì ọdún 2020, iye àwọn tí wọ́n ti dá dúró sí ilé ìwòsàn tàbí tí wọ́n ti kú jẹ́ 2,807. Àwọn 68 ló kú.

Àríyànjiyàn tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí kò tíì tán nílẹ̀ títí di òní, mo sì gbà pé ibi tí kò yẹ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lórí tẹlifíṣọ̀n àti láàárín àwọn olóṣèlú, ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni bóyá sìgá oníná dára tàbí kò dára. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìbéèrè tiwa yàtọ̀: kí ni ọmọ yìí fà sínú, ọwọ́ ta ló ti rà á, kí ni wọ́n lú mọ́ ọn? Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà, òun ló sì ṣòroó gbọ́ jù lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Bí wọ́n ṣe máa ń dé rèé. Ọmọkùnrin tí ara rẹ̀ le koko, tó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù níléèwé, á kàn ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ibà á gbé e, inú á máa run ún, kò ní lè dìde nílẹ̀. Dókítà àdúgbò á ní òtútù àyà ni, á kọ oògùn apakòkòrò fún un, á ní kó máa lọ sílé. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ wọ́n á gbé e padà wá, kò sì ní lè sọ gbólóhùn kan tán kí èémí rẹ̀ tó já. Nínú àwọn tí CDC kọ́kọ́ gba àkọsílẹ̀ wọn, ìdá 95 nínú 100 ló ní ìṣòro ikọ́ àti mímí, ṣùgbọ́n ìdá 77 nínú 100 tún ní ìṣòro inú: èébì, inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru. Inú rírun yìí ló ṣi ọ̀pọ̀ dókítà lọ́nà níbẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò fọwọ́ di ikùn wọlé tí wọ́n á kọ́kọ́ bi í nípa ohun tó ń fà sí ẹ̀dọ̀fóró? Tí wọ́n bá wá ya ẹ́síréè rẹ̀, ibi tó yẹ kó dúdú nínú fọ́tò á funfun ní apá ọ̀tún àti apá òsì.

Oògùn apakòkòrò kì í ràn án. Sítẹ́rọ́ìdì ló ran ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ́wọ́, pẹ̀lú ọ́síjìn. Ti àwọn mìíràn le débi pé ẹ̀rọ ló ń bá wọn mí. Ní Detroit, lóṣù kẹwàá ọdún yẹn, ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì ni wọ́n pààrọ̀ fún ọmọ ọdún 17 kan. Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mo sì ti tọ́jú àwọn tó mu sìgá láti ìgbà èwe títí wọ́n fi darúgbó. Sìgá a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí kò dúró de ọdún kankan.

Nígbà náà ni ìbéèrè á kàn. Wọ́n á bi ọmọ náà pé kí ló ń fà. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń fún un ní ọ́síjìn wà nímú rẹ̀. Á ní fépù lásán ni, èyí tó ní nikotíìnì, tí adùn rẹ̀ dà bíi ti máńgòrò. Igbó ni kò lè dárúkọ. Òfin Wisconsin kò fàyè gba kí èèyàn máa mu ún fún fàájì. Ní Illinois, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020 ni òfin tó gba àgbàlagbà láyè láti rà á tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹni tí kò bá sì tíì pé ọmọ ọdún 21 kò sí nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún 16 tó bá jẹ́wọ́ pé òróró igbó lòun ń fà ti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún òbí rẹ̀, ó sì ti jẹ́wọ́ ọ̀ràn níwájú àwọn àjèjì tí kò mọ̀ bóyá wọ́n á pe ọlọ́pàá. Ó mọ ẹni tó tà á fún òun pẹ̀lú. Ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò sì fẹ́ dalẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Mo máa ń rọra bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n lọ na ẹsẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n wá kọfí mu nísàlẹ̀. Tí ilẹ̀kùn bá ti padé, màá fa àga, màá jókòó. Ẹni tó bá dúró lé aláìsàn lórí, bí agbófinró ló máa ń rí lójú rẹ̀. Màá sọ fún un pé mi ò wá bá a wí, pé ohun tó bá sọ lè yí oògùn tí a ó fún un padà. Àwọn kan á dákẹ́. Àwọn kan á wo ògiri fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n á béèrè pé, "Ṣé ẹ máa sọ fún màmá mi?" Tí mo bá ti gbọ́ ìyẹn, mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ fẹ́ jáde.

Láàárín àwa Yorùbá tó wà ní Chicago àti agbègbè rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Nígbà tí ariwo rẹ̀ gbòde, àwọn ìyá a máa dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pè ní fépù yìí gan-an?" Tí mo bá ti ṣàlàyé dé orí òróró igbó, ojú wọn á yí padà. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ọmọ tèmi ò mọ igbó o, ẹ̀gbọ́n." Ẹni tó dàgbà nílé, ọmọ ìta abẹ́ bíríìjì ló máa ń rí tí wọ́n bá dárúkọ igbó, ẹni tí wọ́n máa tó gbé lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Aró. Kò lè rí ọmọ tirẹ̀ tó wà ní kíláàsì àwọn tó mọ ìṣirò jù. Bẹ́ẹ̀, ohun tí à ń sọ yìí kò ní rìsílà, kò ní eérú, òórùn rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìgò kékeré tí kò ju ìka ọwọ́ lọ ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n so mọ́ bátìrì. Ọmọ lè máa fà á ní yàrá rẹ̀ kí ìyá rẹ̀ máa gbàdúrà ní yàrá kejì. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi ìbínú béèrè, nítorí ọmọ tó bá ń bẹ̀rù ìyá rẹ̀ ju ikú lọ á pa á mọ́ títí ẹ̀mí á fi fẹ́ bọ́.

Àwọn oníwàádìí ìpínlẹ̀ Wisconsin àti Illinois ṣe ohun tó yẹ kí gbogbo olóhùn gíga dúró dè. Wọ́n lọ bá àwọn aláìsàn, wọ́n ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú àwọn 53 àkọ́kọ́ tí ìròyìn wọn jáde lóṣù kẹsàn-án, ìdá 84 nínú 100 ló gbà pé àwọn ti fa òróró tó ní THC, èròjà inú igbó tó ń pani bí ọtí. Nígbà tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá àwọn 86 lẹ́nu wò, ìdá 66 nínú 100 ló dárúkọ ọjà kan náà, Dank Vapes. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn á rò pé ilé iṣẹ́ kan ni. Kò sí ilé iṣẹ́ kankan tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí. Páálí aláràbarà òfìfo ni wọ́n ń tà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì; ẹni tó bá ti ní òróró nílé á rọ ọ́ sínú ìgò, á fi páálí náà dì í, á gbé e jáde fún títà.

Òróró igbó wọ́n, ẹni tó bá sì fẹ́ jèrè púpọ̀ á bù ú là. Ìṣòro rẹ̀ ni pé àwọn oníbàárà gbọ́n. Wọ́n á dojú ìgò náà kọdò, wọ́n á wo bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣe ń gòkè, gẹ́gẹ́ bí àwọn èèyàn wa ṣe ń yí ìgò oyin kí wọ́n tó sanwó, láti mọ̀ bóyá wọ́n ti fi omi ṣúgà lú u. Òróró tó bá ṣàn jù, wọn ò ní rà á. Àwọn tó ń ṣe òwò náà wá rí ohun kan tó ki, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí òróró gidi, tí kò ní òórùn, tí kò sì wọ́n: Vitamin E acetate. Ohun tí wọ́n ń fi sínú ìpara àti oògùn amáradán ni. Tí èèyàn bá fi pa ara, kò ṣe nǹkan kan. Tí ó bá gbé e mì, ikùn mọ ohun tí yóò fi í ṣe. Kò sẹ́ni tó dá a fún ẹ̀dọ̀fóró.

Sìgá oníná ti wà lọ́jà Amẹ́ríkà láti nǹkan bí 2007. Ìdí rèé tí mo fi máa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń jiyàn pé, kí ló dé tó fi jẹ́ ọdún 2019 ni? Minnesota dáhùn. Àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò níbẹ̀ kó òróró igbó tí ọlọ́pàá ti gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò jáde. Àpẹẹrẹ mẹ́wàá tí wọ́n gbà ní 2018 kò ní Vitamin E acetate rárá. Ogún tí wọ́n gbà ní 2019, gbogbo rẹ̀ ló ní in. Nínú gbogbo ìwé tí mo kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò sí èyí tó rán mi létí iṣẹ́ rere tó o: wọn kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, wọ́n kàn lọ wo ohun tó wà nínú ìgò.

Ìpínlẹ̀ New York ló kọ́kọ́ pariwo orúkọ èròjà náà lọ́jọ́ karùn-ún oṣù kẹsàn-án. Ṣùgbọ́n kí nǹkan wà nínú ìgò yàtọ̀ sí kí ó wà nínú ara. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi iyọ̀ díẹ̀ ṣan inú ẹ̀dọ̀fóró àwọn aláìsàn, wọ́n á fà á padà, wọ́n á gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò CDC. Lọ́jọ́ kẹjọ oṣù kọkànlá, wọ́n kéde pé nínú àwọn 29 tí wọ́n yẹ̀ wò láti ìpínlẹ̀ mẹ́wàá, gbogbo wọn ló ní in. Kí ọdún tó parí, iye náà ti di 48 nínú 51, láti ìpínlẹ̀ 16. Nínú àwọn 99 tí ara wọn le, tí àwọn kan nínú wọn ń mu sìgá tí àwọn kan sì ń fa fépù, kò sí ẹyọ kan tó ní in. Ó tún ku ohun kan nínú iṣẹ́ yẹn tó bá ọ̀rọ̀ mi mu: 47 nínú 50 ló jẹ́ pé wọ́n rí THC nínú omi ẹ̀dọ̀fóró wọn, tàbí àwọn fúnra wọn ló jẹ́wọ́ pé àwọn fà á. Omi inú ẹ̀dọ̀fóró kò ní ìyá tó ń bẹ̀rù.

Àwọn onímọ̀ náà ò fohùn ṣọ̀kan, iyàn tiwọn sì wúlò. Ní Utah, àwọn dókítà rí ọ̀rá nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fà jáde láti inú ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n sì rò pé ọ̀rá tó kó síbẹ̀ ló fa ìpalára. Àwọn ti ilé ìwòsàn Mayo Clinic wo ẹran ẹ̀dọ̀fóró àwọn 17, wọ́n ní rárá, ohun tí àwọn rí dà bíi ti ẹni tó mí kẹ́míkà olóró símú. Iyàn yìí ló jẹ́ kí àwọn mìíràn máa wádìí síwájú. Ní 2020, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ní Dublin fi hàn pé tí Vitamin E acetate bá gbóná gan-an, ó lè tú gáàsì ketene jáde, gáàsì tó lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ gidigidi. Ó ṣeé ṣe kí òróró náà àti ohun tó ń dà lójú iná jọ ṣe iṣẹ́ ibi náà.

Ní ìgboro, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án, ààrẹ Donald Trump kéde pé ìjọba òun máa fòfin de fépù aládùn. Lọ́jọ́ kẹrìnlélógún, Charlie Baker, gómìnà Massachusetts, fòfin de títa gbogbo ohun tó ń jẹ́ fépù fún oṣù mẹ́rin. Íńdíà náà fòfin dè é lóṣù yẹn. Ẹ̀rù tó wà lọ́kàn àwọn òbí kì í ṣe asán: ìdá 27.5 nínú 100 àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gírámà ní Amẹ́ríkà ló ń fa fépù lọ́dún náà. Ní apá kejì, àwọn tó ń ta fépù wọ́ lọ sí Washington lóṣù kọkànlá láti fẹ̀hónú hàn pé ọjà àwọn kò jẹ̀bi. Àwọn méjèèjì ti ní ọ̀rọ̀ wọn lẹ́nu kí ẹnikẹ́ni tó kú. Òkú wá di ẹ̀rí fún ohun tí wọ́n ti ń sọ tẹ́lẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Lóṣù wọ̀nyẹn, ẹkún pọ̀ ju ìríran lọ.

Ìdí tó fi ń dùn mí ni pé ìkìlọ̀ tí kò dárúkọ ewu máa ń ṣìnà. CDC kọ́kọ́ sọ fún gbogbo èèyàn pé kí wọ́n sá fún fépù lápapọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí a kò tíì mọ ohunkóhun, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí oṣù ti ń gorí oṣù tí ẹ̀rí sì ń pọ̀, wọn kò tètè yí ohùn padà; oṣù kìíní ọdún 2020 ni wọ́n tó yọ ìkìlọ̀ pé kí gbogbo èèyàn sá fún fépù lápapọ̀ kúrò, tí wọ́n wá dojú kọ òróró igbó tí èèyàn rà lọ́nà ẹ̀bùrú gan-an. Ní àkókò tó wà láàárín, bàbá kan tó ti fi fépù bọ́ lọ́wọ́ sìgá tó ti ń mu láti kékeré bi mí bóyá kí òun padà sí sìgá, kí òun má bàa kú. Ọmọkùnrin kan sì sọ fún mi pé òun ti jáwọ́ nínú ti nikotíìnì nítorí ìròyìn, pé òróró igbó nìkan ló kù tí òun ń fà, nítorí igbó ń ti inú ilẹ̀ hù, kò sì lè pani lára. Àwọn méjèèjì gbọ́ ìkìlọ̀. Ọ̀nà ikú ni ìkìlọ̀ náà ń darí wọn sí.

Àwa tí a kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn ti gbọ́ irú ìtàn yìí rí. Ní 1990, àwọn ọmọdé kú ní Ìbàdàn àti ní Jos lẹ́yìn tí wọ́n lo oògùn olómi paracetamol tí wọ́n fi diethylene glycol po dípò propylene glycol. Ní òpin 2008 wọ inú 2009, ó tún ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú oògùn ehín tó ń jẹ́ My Pikin, ọmọ 84 ló bá a lọ. Májèlé ni diethylene glycol. Ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Àwọn ìyá yẹn kò ṣe nǹkan kan ju pé wọ́n ra oògùn fún ọmọ tó ń hu ehín. Nígbà tí NAFDAC, àjọ tó ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, dìde, wọn kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lo paracetamol mọ́. Ohun tí wọ́n fi po oògùn ni wọ́n tọ ipasẹ̀ rẹ̀, títí dé ọwọ́ ẹni tó tà á. Propylene glycol gidi yìí kan náà wà nínú omi fépù, àti pé ní 2009 àjọ FDA Amẹ́ríkà rí diethylene glycol nínú ọ̀kan lára àwọn fépù tí wọ́n yẹ̀ wò. Ibi tí a bá ti ń po nǹkan láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ibẹ̀ ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Britain, láti 2016, òfin kò gba kí wọ́n fi fítámì kankan sínú omi fépù tó ní nikotíìnì, irú àjàkálẹ̀ yìí kò sì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń dá fépù láre. Ìdá 14 nínú 100 àwọn aláìsàn tó dáhùn ìbéèrè sọ pé nikotíìnì nìkan làwọn fà. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wọn pa òtítọ́ mọ́. Mi ò lè sọ pé gbogbo wọn ni. Àwọn mẹ́ta wà nínú 51 yẹn tí wọn kò rí Vitamin E acetate lára wọn. CDC fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀rí kò tíì tó láti yọ àwọn kẹ́míkà mìíràn kúrò. Nikotíìnì sì ń di ọmọ mú ṣinṣin, èyí tó tó ìdí fún òbí láti bá a jà. Ẹ̀sùn tirẹ̀ nìyẹn, kí á fi kàn án. Kò yẹ kí á fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kan olè, kí á wá jẹ́ kí olè àti apànìyàn jọ sá lọ.

Nílé ní Nàìjíríà náà, fépù ti dé Èkó àti Ìbàdàn, àwọn ọ̀dọ́ sì ń fa oríṣiríṣi nǹkan tí wọ́n ń pè ní Kọlorádò, tí ẹni tó ń tà á pàápàá kò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Tí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dé ilé ìwòsàn tí kò lè mí, òtútù àyà ni wọ́n máa kọ sílẹ̀, àyàfi tí nọ́ọ̀sì kan bá rí àyè dá jókòó tì í.

Lóṣù kẹwàá ọdún 2019, CDC fún àìsàn náà lórúkọ, EVALI, orúkọ tó kó gbogbo sìgá oníná àti gbogbo fépù pọ̀ sójú kan. Ní 2021, àwọn onímọ̀ kan kọ̀wé sí àjọ náà pé kí wọ́n yí i padà kí ó lè tọ́ka sí òróró tí wọ́n lú. Wọn kò yí i padà. Ọ̀dọ̀ àwọn tó kọ̀wé yẹn ni mo wà. Orúkọ yẹn náà ni mo ṣì ń kọ sínú fáìlì aláìsàn, nítorí òun ni kọ̀ǹpútà mọ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń kọ ìyókù sábẹ́ rẹ̀: ohun tí ó fà, àwọ̀ rẹ̀, orúkọ tó wà lára páálí, ìgbà tó rà á àti irú ọwọ́ tó ti rà á. Tí ìgò náà bá ṣì wà nílé, mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tìtorí ìtìjú jù ú nù. Kí wọ́n fi í sínú ọ̀rá, kí wọ́n gbé e wá, kí àwọn elétò ìlera ìpínlẹ̀ lè yẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ wò.